Lẹ́tà Ṣíṣí sí Boyan Slat, Ọmọ tó Ń Gbálẹ̀ Ilé Olókun

Àbúrò mi Boyan,

Kú iṣẹ́. Kú ìnáwó. Kú orí kunkun pẹ̀lú, nítorí pé ìyẹn gan-an ló gbé ọ dé ibi tí o dé. Má bínú pé mi ò pè ọ́ ní Ọ̀gá. Ọdún 1994 ni wọ́n bí ọ ní ìlú Delft, ní ilẹ̀ Netherlands. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ọmọ tí wọ́n bí ní 1994 lè di olówó, ó lè di ọ̀gá ilé-iṣẹ́, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì lè fi àmì-ẹ̀yẹ dá a lọ́lá bí wọ́n ṣe dá ìwọ lọ́lá ní 2014. Tó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, yóò dọ̀bálẹ̀ ṣá ni. Mo ti gba ìdọ̀bálẹ̀ tìrẹ láti òkèèrè. Dìde, wàá pẹ́ láyé. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni mo fẹ́ bá ọ sọ, mo sì fẹ́ kí ayé gbọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí n kò fi lẹ ẹnu ìwé náà pa.

Lọ́dọ̀ wa, òkun ní onílé. Olókun là ń pè é, ọlọ́rọ̀ ni, ọlọ́lá ni, ìsàlẹ̀ omi sì ni ààfin rẹ̀ wà. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ la ti ń gbé ẹbọ lọ bá a, tí à ń bá a tọrọ ọmọ, tí à ń bá a tọrọ owó. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa rò ó pé ká gbé ìgbálẹ̀ lọ bá a. Ìwọ lo ro ìyẹn. Ọmọ ọdún 16 ni ọ́ ní 2011 nígbà tí o rì wọnú omi ní ilẹ̀ Gíríìsì láti wo ẹja, tó sì jẹ́ pé ọ̀rá lo rí jù. Ọmọ mìíràn ì bá jáde, kó nura, kó lọ ra áísìkiriìmù. Ìwọ gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Nígbà tó fi di 2012, o ti dúró lórí pèpéle ní Delft, ò ń ṣàlàyé fún àwọn tó lè bí ọ lọ́mọ bí òkun yóò ṣe máa fi ìṣàn ara rẹ̀ gbá ara rẹ̀ mọ́. Ní 2013 o fi yunifásítì sílẹ̀, o dá The Ocean Cleanup sílẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ fún ọ pé àwọn òbí tó ń ka lẹ́tà yìí nílẹ̀ wa ti káwọ́ lérí báyìí. Ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọkọ̀ òfuurufú, tó ní òun ò ṣe mọ́, pàǹtírí lòun fẹ́ lọ máa kó! Ká ní Ṣúúrùlérè ni wọ́n bí ọ sí, wọn ì bá ti gbé ọ lọ sórí òkè àdúrà, o ò sì ní sọ̀ kalẹ̀ títí ẹ̀mí ìgbálẹ̀ yẹn yóò fi fi ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti yẹ kí a mọ̀. Ọmọ tó kó rọ́kẹ́ẹ̀tì omi 213 jọ ní 2009, tó yìn wọ́n sókè lẹ́ẹ̀kan náà kí orúkọ rẹ̀ lè wọ ìwé Guinness, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í fi nǹkan ṣe kékeré. Ìgò ike ni wọ́n sì sábà máa ń fi ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì omi. Mi ò tíì sọ nǹkan kan o.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí o ti ń gbálẹ̀ fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Láàárín Hawaii àti California, ìṣàn omi òkun Pàsífíìkì máa ń yí po bí agbo ńlá, ohunkóhun tó bá sì léfòó tó kó sínú rẹ̀, ó di kó máa yí níbẹ̀. Ní 1997, atukọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Charles Moore, gba ibẹ̀ kọjá lẹ́yìn ìdíje ọkọ̀ ojú omi, lójoojúmọ́ ló sì ń rí ike. Àwọn onímọ̀ tí ìwọ fúnra rẹ kó jọ wọn ibẹ̀, wọ́n sì gbé àbọ̀ jáde ní 2018: ó fẹ̀ tó mílíọ̀nù 1.6 kìlómítà níbùú lóròó, èyí tó ju Nàìjíríà kan àti ààbọ̀ lọ. Ike tó wà nínú rẹ̀ tó 79,000 tọ́ọ̀nù. Bí a bá sì ní ká kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó tó tírílíọ̀nù 1.8. Kì í ṣe erékùṣù tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ tẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù níye ti rún wẹ́wẹ́, ó ti pò mọ́ omi, ọkọ̀ lè gba àárín rẹ̀ kọjá kí àwọn èrò inú rẹ̀ máa ní omi yìí mà mọ́ o.

Nínú ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ni àpótí ike kan tí wọ́n ṣe ní 1977. Ọdún FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, nìyẹn! Gbọ̀ngán ìṣeré ńlá tí ìjọba wa kọ́ sí Ìgánmú nítorí FESTAC ti gbó, òrùlé rẹ̀ ti jò, wọ́n ti tún un ṣe, wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà. Àpótí ike kò bèèrè àtúnṣe lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ń léfòó lọ ní tirẹ̀.

Ibẹ̀ lo ní o fẹ́ gbá. O ní kí ọdún márùn-ún tó pé, ìdajì rẹ̀ á ti kúrò ńlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí wa, nítorí pé ó jọ èyí tí à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn olóṣèlú wa ní gbogbo ọdún mẹ́rin mẹ́rin.

Ní September 2018, wọ́n fa ẹ̀rọ rẹ àkọ́kọ́ jáde ní San Francisco. Páìpù tó gùn ní 600 mítà ni, ó ń léfòó, aṣọ kan sì so mọ́ ọn nísàlẹ̀ tó rì wọnú omi ní mítà mẹ́ta. Gbogbo ayé ń wò ó. Àbúrò, orúkọ wo lẹ wá fún un? Wilson! Bọ́ọ̀lù inú fíìmù Cast Away, èyí tí omi òkun gbé lọ mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́, tí ọkùnrin náà bú sẹ́kún. Ká ní o ké sí wa síbi ìsọmọlórúkọ ni, ìyá àgbà kan ì bá ti pariwo níbẹ̀ pé ẹ má dán an wò, orúkọ a máa ro ọmọ.

Ó sì rò ó. Pàǹtírí ń wọ ẹnu Wilson, ó tún ń jáde padà, nítorí pé ẹ̀rọ náà kò sáré tó bó ṣe yẹ níwájú ìgbì àti atẹ́gùn. Nígbà tó di December, ìdí rẹ̀ kan já, 18 mítà odindi. Ẹ̀rọ tó lọ kó ike lórí òkun wá fẹ́rẹ̀ẹ́ di ara ohun tí a óò kó. Wọ́n wọ́ ọ lọ sí Hawaii ní January 2019. Afẹ́fẹ́ fẹ́, a rí fùrọ̀ adìẹ, àwọn tó ti ń sọ látijọ́ pé kò lè ṣiṣẹ́ sì rẹ́rìn-ín tẹ́ra wọn lọ́rùn.

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀, n kò níí purọ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni mo ti fẹ́ràn ọ. Ìwọ fúnra rẹ lo jáde sọ pé ó já. O ò sọ pé ọwọ́ ọ̀tá wà níbẹ̀, o ò gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ tí kò ní jábọ̀ láé. Ẹ padà lọ tún un rò. Ẹ so páráṣúùtì kan mọ́ ọn nínú omi kó lè máa fà á sẹ́yìn, kí pàǹtírí lè máa yára bá a dípò kó máa sá fún un. Ní October 2019 ó mú pàǹtírí dúró. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ní 2021 ẹ gbé òmíràn jáde, Jenny, àwọ̀n gígùn tí ọkọ̀ òkun méjì ń wọ́ lọ ní jẹ́jẹ́. Ní 2023 ẹ fẹ̀ ẹ́ sí i títí ó fi gùn ju kìlómítà méjì lọ.

Níbí lọ̀rọ̀ ti kàn mí. Òkun tí o ní yóò máa gbá ara rẹ̀, ọkọ̀ òkun méjì tó ń jó epo ló wá padà bá a gbá a. Onímọ̀ nípa ẹ̀dá inú omi kan, Rebecca Helm, ti kìlọ̀ pé àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó jẹ́ ojú omi gan-an nilé wọn máa ń kó sí ibi tí ike ń kó sí, pé àwọ̀n tó bá kó ike lè kó àwọn náà. Ẹ ti ṣe ihò àjàbọ́ sára àwọ̀n, ẹ ti so kámẹ́rà mọ́ ọn. Ó dára. Ilé onílé lẹ ti ń gbálẹ̀, ẹ rọra má gbá ọmọ onílé mọ́ ilẹ̀.

Awò ojú yẹn ńkọ́? Ẹ mú ike tí ẹ kó lójú òkun, ẹ fi ṣe awò tí a ń lò sí oòrùn, ẹ ń tà á ní 199 dọ́là ní 2020. Àbúrò mi, 199 dọ́là! Ní ọjà Balógun, bí o bá dá iye yẹn lé awò kan, oníbàárà yóò bi ọ́ bóyá ó ń fi í rí ọ̀run ni. Mo mọ̀ pé ẹ ní owó náà yóò padà sídìí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n rí pàǹtírí tó wọ́n ju ẹran lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò iṣẹ́ náà. Nígbà tó fi máa di September 2024, ike tí ẹ ti kó kúrò nínú agbo ńlá Pàsífíìkì yẹn jẹ́ nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù kílò. Ká kí yín kú iṣẹ́, iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n bí a bá dá a sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, kò tó ọ̀kan nínú ohun tó wà níbẹ̀. Ọdún náà lẹ kéde pé bí a bá fún yín ní bílíọ̀nù 7.5 dọ́là, ẹ ó gbá gbogbo rẹ̀ tán láàárín ọdún mẹ́wàá. Ọdún márùn-ún ti di mẹ́wàá. Mo ní ó jọ ti olóṣèlú wa, ẹ ò gbà mí gbọ́.

Iṣẹ́ rẹ tí mo gba fìlà fún wà ní ibòmíràn, wọn kì í sì í pariwo rẹ̀ tó ti òkun. Ní October 2019 o gbé ọkọ̀ kan kalẹ̀ tí ẹ ń pè ní Interceptor. Agbára oòrùn ló ń lò, ó ń dúró lórí odò, omi ń gbé pàǹtírí wá bá a, bẹ́líìtì kan á máa gbé e gòkè, á máa dà á sínú àpótí. Ẹ gbé ọ̀kan sí Jakarta, ẹ gbé ọ̀kan sórí odò Klang ní Malaysia, ẹ gbé irú rẹ̀ lọ sí Dominican Republic àti Jàmáíkà. Ẹ má pè é ní tuntun fún mi o: láti 2014 ni kẹ̀kẹ́ ńlá kan ti ń kó pàǹtírí lẹ́nu omi ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, wọ́n tún ya ojú rẹ́súrẹ́sú sí i lórí, àwọn ọmọdé ń pè é ní Mr. Trash Wheel. Ẹ̀gbọ́n tìrẹ náà nìyẹn, kí i bó ṣe tọ́. Ní Guatemala, ògiri wáyà tí ẹ kọ́ dí odò Las Vacas ní 2022 kò gba ẹ̀kún omi mọ́ra, pàǹtírí tì í wó. Ẹ tún padà lọ ní 2023 pẹ̀lú ìdènà tó lágbára jù ú lọ, èyí sì di í mú. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń kó pàǹtírí lọ lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí 2024 fi ń parí, gbogbo ohun tí ẹ ti kó lókun àti lódò ti kọjá 20 mílíọ̀nù kílò. Nínú rẹ̀, odò ló kó èyí tó pọ̀ jù lọ wá; èyí tó ti agbo ńlá yẹn wá kò tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.

Ṣé o rí i? Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Àwọn onímọ̀ tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ fi hàn ní 2021 pé odò tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ló ń gbé ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún gbogbo ike tí odò ń dà sókun. Òkun ò ṣe pàǹtírí rí láyé rẹ̀. Wọ́n gbé e wá bá a ni. Kódà nínú agbo Pàsífíìkì yẹn, ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ àwọ̀n apẹja tó já tàbí tí wọ́n jù nù. Ìyẹn ò tilẹ̀ gba ẹnu odò kankan wá, ọkọ̀ ìpẹja ńláńlá ló dà á sílẹ̀. Kò sí Interceptor tó lè dúró de àwọn yẹn. Òfin ló lè dúró dè wọ́n.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ tó báyìí, kò ní dáa kí n fi ilé wa sílẹ̀. Èkó ni mo wà. Wá wo bí a ṣe ń ṣe é.

Òùngbẹ ń gbẹ ẹnì kan nínú dánfó ní Ojúẹlẹ́gba. Ó na owó jáde lójú fèrèsé, ọmọ tó ń kiri ju píọ̀ wọ́tà kan sí i. Yóò fi eyín já igun ọ̀rá náà, yóò tu ègé kékeré yẹn sílẹ̀, tú! Ẹ̀rọ rẹ kan ò lè mú ìyẹn láéláé, ó kéré jù. Yóò fa omi rẹ̀ mu, yóò fi ìyókù bọ́jú, yóò rún ọ̀rá náà mọ́wọ́. Yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì. Má rò pé ibi tí yóò dà á sí ló ń wá. Ó ń wò ó bóyá òṣìṣẹ́ LAWMA, àjọ tó ń mójú tó ìdọ̀tí l'Ékòó, wà nítòsí ni. Lẹ́yìn náà ó di ojú títì. Òjò á rọ̀, gọ́tà á gbà á, kánààlì á gbà á, ọ̀sà á gbà á, ó di tọ́wọ́ Olókun. Ìgbà tí gọ́tà bá dí, tí omi wọ yàrá ẹni yìí kan náà lóru, yóò gbé bẹ́ẹ̀dì lé orí bíríkì, yóò máa bú ìjọba.

Tó o bá sì fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rá náà parí sí, lọ sí Mákòkó nígbà tí àwọn apẹja Ègùn bá ń ti orí omi bọ̀ láàárọ̀. Apẹja yóò tú àwọ̀n rẹ̀ sínú ọkọ̀: ẹ̀pìyà díẹ̀, ọbọ̀kún kan tó ṣì ń jà, ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, bàtà sílípáàsì ẹsẹ̀ òsì, ọ̀rá, ọ̀rá, ọ̀rá. Ó ń fi ìka yọ ọ̀rá lójú àwọ̀n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kó má baà fà á ya. Kó tó yọ ọ́ tán, oòrùn ti mú ẹja. Èyí tó pọ̀ jù nínú ike tí odò ń gbé lọ sókun kì í rìn jìnnà, etíkun tó sún mọ́ ibẹ̀ ló ń padà sí. Àwa ò lè sọ pé ọ̀dọ̀ yín ló lọ. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀.

Kì í ṣe pé a kàn káwọ́ gbera. Ní January 2024, kọmíṣọ́nà fún ọ̀rọ̀ àyíká ní Èkó, Tokunbo Wahab, kéde pé ìjọba ti fòfin de ike fóòmù funfun, èyí tí àwọn olóúnjẹ fi ń di take-away. Láti ọjọ́ kìíní July 2025, òfin tún nasẹ̀ dé síbí ike, kọ́ọ̀pù àlòsọnù àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò nípọn tó 40 micron. Àwọn kan pariwo pé kí la wá máa fi bu oúnjẹ. Mo rẹ́rìn-ín. Mọ́ínmọ́ín tí àwọn ìyá àgbà wa ń pọ́n sínú ewé la ti wá ń sè nínú ọ̀rá, ẹ tún ń bi mí pé kí la fẹ́ fi bu oúnjẹ!

Bilikiss Adebiyi-Abiola ti dá Wecyclers sílẹ̀ láti 2012. Kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n fi ń wọ àdúgbò tí mọ́tò ìdọ̀tí kì í wọ̀, wọ́n ń wọn ike tí àwọn ará ilé kó jọ, wọ́n ń fún wọn ní máàkì tí wọn yóò fi gba ẹ̀bùn. Ní Àjégúnlẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ kan wà, Morit International School, tó gbà kí òbí kó àpò ìgò ike wá fi san lára owó ilé-ìwé ọmọ. Àwọn ìyá LAWMA sì wà níbẹ̀, tí wọ́n ti ń gbá títì kí ọ̀gànjọ́ tó di àárọ̀, tí mọ́tò ń fẹ́ eruku sí wọn lójú. Ẹlẹgbẹ́ rẹ gan-an nìwọ̀nyí. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n wá sórí pèpéle kankan rí, wọn ò sì ní awò 199 dọ́là.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi jókòó kọ̀wé yìí ló kù, ọ̀rọ̀ náà sì le díẹ̀, nítorí náà fọwọ́ mú etí.

Ìrìn àjò rẹ, tí a bá wò ó dáadáa, orísun lo ń rìn padà sí. Àárín agbami lo ti bẹ̀rẹ̀. Agbami kọ́ ọ lọ́gbọ́n, o sún wá sí ẹnu odò. Ẹnu odò ń kọ́ ọ lọ́gbọ́n báyìí pé nǹkan ń bọ̀ láti òkè. Ta ló wà ní òkè? Bí a bá tọ odò náà lọ síwájú, a ó kan gọ́tà. Bí a bá kọjá gọ́tà, a ó kan ẹni tó wà nínú dánfó. Bí a bá kọjá ẹni yẹn, a ó kan ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọ̀rá tí kò sí ibi tí wọ́n lè dà á sí lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Ayé ń ṣe ike tó lé ní 400 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ́dún kan. Pín in fún wákàtí, kí o wá gbé 20 mílíọ̀nù kílò tìrẹ tì í: gbogbo ohun tí o ti kó láti ọjọ́ tí o ti bẹ̀rẹ̀, títí dé òpin 2024, kò tó èyí tí wọ́n ń ṣe jáde ní ìdajì wákàtí. Bóo bá jókòó jẹun ọ̀sán, kí o tó fọwọ́, wọ́n ti ṣe é padà.

Àtúnlò tí wọ́n máa ń fi tù wá nínú náà kò ràn án. Nínú gbogbo ike tó ti di pàǹtírí látijọ́ tí ọmọ ènìyàn ti ń ṣe é títí di 2015, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án péré nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n tún lò.

Bí ọkọ̀ bá ń jò lójú omi, ẹni tó ń gbọ́n omi ń ṣiṣẹ́ gidi, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bú u. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá jókòó sídìí ọkọ̀ náà tó ń fi ìṣó lu ihò tuntun, tó wá jẹ́ òun náà ló ra igbá tí a fi ń gbọ́n omi fún wa, ó yẹ ká yíjú padà ká bi í léèrè nǹkan kan. Ní June 2021, ìwọ àti Coca-Cola dọ́rẹ̀ẹ́, ẹ ní ẹ ó jọ máa fọ odò mọ́. Láti 2018 títí dé 2023, àwọn olùyọ̀ǹda ara Break Free From Plastic ń ṣa pàǹtírí kiri ayé lọ́dọọdún, wọ́n ń ka orúkọ ilé-iṣẹ́ tó wà lára rẹ̀. Lọ́dọọdún, orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ yìí ló ń gbégbá orókè. Mi ò sọ pé kí o má gba owó wọn. Owó wọn ni wọ́n fi ń kó ẹrù wọn, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí à ń bẹ̀rù nílẹ̀ wa ni pé ẹnu tó bá ti jẹ dòdò kì í lè sọ òdodo mọ́.

Òdodo náà sì ní ibi tí wọ́n ti nílò rẹ̀. Ní March 2022, àwọn orílẹ̀-èdè ayé pàdé ní Nairobi, wọ́n fẹnu kò pé àwọn fẹ́ àdéhùn tó dè wọ́n lórí ọ̀rọ̀ ike, pé kó tó di òpin 2024 yóò ti jáde. Wọ́n lọ sí Uruguay, wọ́n lọ sí Paris, wọ́n padà sí Nairobi, wọ́n lọ sí Ottawa. Ní Busan, December 2024 bá wọn níbẹ̀, kò sí àdéhùn. Ní Geneva ní August 2025, wọ́n fi òru mọ́jú, kò sí àdéhùn. Ohun kan ló ń fọ́ ìpàdé náà: àwọn kan fẹ́ kí a fi ààlà sí iye ike tí à ń ṣe, àwọn tó ní epo rọ̀bì ní rárá, kí a sọ̀rọ̀ lórí kíkó pàǹtírí nìkan. Ara epo àti gáàsì ni ike ti ń wá, kò sì sí oníṣòwò tó fẹ́ kí wọ́n pa ọjà rẹ̀ dé. Má rò pé mo ń gbè sẹ́yìn ará ilé mi: àwa náà ní epo, ilé-iṣẹ́ tó wà ní Eleme ní ìpínlẹ̀ Rivers náà ń ṣe èròjà ike.

Ṣé o wá mọ ìgbálẹ̀ wo ni àwọn tó ń sọ pé ká máa kó o nìkan máa ń na sókè? Tìrẹ ni. Fídíò ọkọ̀ rẹ tó ń da òkìtì ike sílẹ̀ dára lójú, ó tuni lára, ó sì rọrùn láti fi hàn wá pé iṣẹ́ ń lọ, ẹ jẹ́ ká máa mu tiwa lọ. Ìwọ kọ́ lo sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ yín máa ń lọ sí àwọn ìpàdé náà, pé ẹ máa ń sọ níbẹ̀ pé kíkó nìkan kò tó. Ṣùgbọ́n ẹ ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Àbúrò, ọmọ tó yin rọ́kẹ́ẹ̀tì 213 lẹ́ẹ̀kan kò gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀. Gba ti ẹ̀gbọ́n yìí. Máa kó o lọ lórí odò, má dúró. Bí o bá ní ọkọ̀ kan tó ṣẹ́kù, gbé e wá sí Èkó, a ó bá ọ wá odò tó gbóná tí yóò fi mọ̀ pé òun dé ibi iṣẹ́. Ẹnì kan yóò sì jí ìwọ̀nba bátìrì rẹ̀, kí o tètè mú ẹ̀ṣọ́ dání. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ olówó bá tún jókòó sídìí tábìlì kan, tí wọ́n ti gbé kámẹ́rà kúrò, kí wọ́n tó bu oúnjẹ, bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo yìí: ìgò ike mélòó lẹ fẹ́ dín kù nínú èyí tí ẹ ń ṣe, láti ọdún tó ń bọ̀ lọ? Iye ni kí o gbà lọ́wọ́ wọn, má gba àlàyé. Bí wọ́n bá sọ iye kan, kọ ọ́ síta kí gbogbo ayé rí i, kí o sì máa kà á fún wọn lójú lọ́dọọdún. Bí wọn ò bá sọ, bá wa kọ ìyẹn náà síta. Ìwọ lo kéde fún ayé nígbà tí Wilson já sí méjì. Èyí ò lè nira fún ọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi ni tìrẹ,
Ẹ̀gbọ́n rẹ ní Èkó